Oòrùn Efinrin, Òórùn Efinrin

Màámi kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ tó bá ń tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. N kò lè bá a wí, torí èmi náà kì í fi sí i. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù kẹrin, ó tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ pé, "Efinrin e nko? Se o ni oorun daadaa?" Mo dá a lóhùn kíá pé, "Beeni ma. Oju ferese lo wa. Oorun n pa a lati aaro di irole."

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó fèsì, ohùn ló sì fi ránṣẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní, "Èmi ò bi ọ́ ní oòrùn o. Òórùn ni mò ń bèèrè. Ṣé ó ń ta sánsán?"

Mo dìde, mo já ewé kan, mo fọwọ́ rún un, mo gbé e símú. Ó ń rùn bíi koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Ká kúkú sọ pé efinrin gba ibẹ̀ kọjá lánàá ni, tó sì ti bá tirẹ̀ lọ.

Ọwọ́ ìyá kan ní Peckham ni mo ti ra ọmọ efinrin náà. Efinrin ńlá ni, èyí tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní scent leaf, kì í ṣe efinrin wẹ́wẹ́. Nígbà tí mo gbé e délé, gíga rẹ̀ kò ju ìka mẹ́ta lọ. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, ó ti ga dé ìbàdí mi láti orí tábìlì rẹ̀, ewé rẹ̀ fẹ̀, ó tutù, ó rọ̀ bí etí ọmọ ọwọ́. Kò sẹ́ni tó wọlé tí kò yìn ín. Èmi náà ń yin ara mi, pé èmi tí mo ń gbé àjà kẹta ní gúúsù London, mo gbin efinrin tó yè nígbà òtútù. N kò gbé e símú rí. Ta ló máa ń gbé efinrin símú? Òórùn rẹ̀ ló máa ń wá bá èèyàn.

Nílé wa n'Íbàdàn, ẹ̀yìn ilé ìdáná ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. N kò mọ ẹni tó gbìn ín. Tí bọ́ọ̀lù bá gbá a lásán, gbogbo àgbàlá á gba òórùn, Màámi á sì mọ̀ láti inú yàrá pé a ti tún gbá bọ́ọ̀lù níbi tó ní ká má gbá a mọ́. Òmíràn wà lábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Ewé tìyẹn fẹ̀ ju ti ẹ̀gbẹ́ kànga lọ, ó sì jọ̀lọ̀ jù ú lọ. Àmọ́ tó bá rán wa ní ewé tó máa fi sọ́bẹ̀, tàbí èyí tó máa fún omi rẹ̀ fẹ́ni tí inú ń run, ohun tó máa ń sọ ni pé, "Ẹ fi ti abẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn sílẹ̀, ewé lásán ni. Ti ẹ̀gbẹ́ kànga ni kẹ́ ẹ já."

Ewé lásán. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn gbẹ̀yìn, àfi ìgbà tí mo dúró síwájú fèrèsé lọ́jọ́ náà pẹ̀lú ewé rírún lọ́wọ́ mi. Ohun tó sì ń dà mí láàmú ni pé tèmi kò sí lábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kankan. Fèrèsé tó kọjú sí gúúsù ló wà. Oòrùn ń kàn án, mo ń fojú ara mi rí i.

Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, àwọn àgbàlagbà ni mò ń tọ́jú, ààjìn sì ni mo fi ń kàwé nígbà tí wọ́n bá ti sùn. Ibi tí mo ti ń wá ọ̀rọ̀ efinrin kiri ni mo ti pàdé iṣẹ́ àwọn onímọ̀ kan ní Yunifásítì Reading. Reading kò jìnnà sí wa, ọkọ̀ ojú irin láti Paddington kì í gba wákàtí kan débẹ̀. Ní ọdún 1999, C. B. Johnson àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí basil, ìyẹn efinrin àwọn òyìnbó, mọ̀lẹ́bí tímọ́tímọ́ sí tiwa. Inú ilé gíláàsì ni wọ́n gbìn ín sí. Wọ́n ń tan iná UV-B, irú ìtànṣán oòrùn kan tí ojú kì í rí, sí apá kan fúngbà díẹ̀ lójúmọ́, wọ́n sì fi apá kejì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òróró olóòórùn inú èyí tí wọ́n ń tan iná sí fi púpọ̀ ju tìkejì lọ.

Èyí tó tẹ̀ lé e ló mú mi jókòó. Ní 2002, ọ̀kan lára wọn àtàwọn méjì mìíràn fi ẹ̀rọ tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wo ara ewé náà. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń wò, torí ọ̀pọ̀ wa rò pé inú omi ewé ni òórùn efinrin wà, bíi pé ó pò pọ̀ mọ́ àwọ̀ ewé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Orí awọ ewé ló wà, lókè àti nísàlẹ̀, nínú àwọn àpò wínníwínní tí ojú lásán kì í fi bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn ńlá inú wọn ní sẹ́ẹ̀lì mẹ́rin tó jókòó ti ara wọn bí ìṣù ẹ̀kọ mẹ́rin nínú abọ́, awọ fẹ́lẹ́ kan sì bò wọ́n lórí. Àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí ló ń po òróró náà, tí wọ́n ń tú u sókè sábẹ́ awọ yẹn, títí awọ á fi wú bí ẹni tí iná ta lára. Ìgbà tí o bá fọwọ́ kan efinrin tí òórùn gba afẹ́fẹ́, awọ wọ̀nyẹn lo fọwọ́ bẹ́.

Ohun tí àwọn ará Reading rí lára efinrin tó dàgbà sábẹ́ gíláàsì láìrí UV-B ni pé àpò náà wà níbẹ̀, àmọ́ ó hunjọ, ó rọ̀ dẹngbẹrẹ bí àpò gààrí tó ku ìdajì. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í tan UV-B sí i. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin, àwọn àpò kún, ara wọn dán. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ́ fúnra wọn, wọ́n ń tú òórùn sáfẹ́fẹ́. Iye àpò kò yí padà, kò sí ọ̀kan tó hù lé e. Ilé ti wà tẹ́lẹ̀, ẹrù inú rẹ̀ ni kò sí.

Iṣẹ́ méjèèjì kò sì fẹnu kò lórí gbogbo nǹkan. Ti 1999 ní òróró pọ̀ sí i. Ti 2002 ní àwọn kò rí ìyàtọ̀ nínú iye òróró tàbí irú rẹ̀, pé inú kíkún àpò àti bíbẹ́ rẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà. Yunifásítì kan náà ni o. Mo fẹ́ràn bẹ́ẹ̀. Tí gbogbo ẹni tó wo ewé kan bá ń rí ohun kan náà gẹ́lẹ́, ẹ̀rù á bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí.

Gíláàsì ni òmùgọ̀ mi wá ti hàn síta. Àwọn àgbà ní a kì í fi àtẹ́lẹwọ́ bo oòrùn. Gíláàsì fèrèsé bo apá kan oòrùn, kò sì jẹ́ kójú fura. Àwọn onímọ̀ ń fi nánómítà, ìwọ̀n kan tó kéré jọjọ, wọn ìgbì ìtànṣán. Èyí tí ojú wa lè rí bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 400. Láti 400 sí 315 ni wọ́n ń pè ní UV-A, láti 315 sí 280 ni UV-B, ohun tó bá wà lábẹ́ 280 ni UV-C. Ìpele afẹ́fẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní ozone, tó wà lókè lọ́hùn-ún, ń gba gbogbo UV-C tó ń bọ̀ wá bá wa, ó sì ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú UV-B. Ìwọ̀nba díẹ̀ tó ṣẹ́ kù ló ń dé ara ewé. Gíláàsì fèrèsé wá jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé, ó jẹ́ kí púpọ̀ nínú UV-A wọlé, ó sì dá fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo UV-B dúró sóde. Bí asẹ́ ni, tó jẹ́ kí omi ògì kọjá tó dá èèrí dúró, àfi pé èèrí tí gíláàsì dá dúró yìí gan-an ni efinrin ń wá.

Ìyẹn nìkan kọ́. Wọ́n máa ń fi òǹkà kan sọ bí UV ṣe le tó lójoojúmọ́. Lọ́sàn-án gangan nílẹ̀ Yorùbá, ó máa ń kọjá 11 nígbà tí kò bá sí ìkúukùu. Ní London nínú oṣù kejìlá, òdo tàbí 1 ni. Nítorí náà, ká ní mo tiẹ̀ yọ gíláàsì náà kúrò nígbà òtútù, kí ni ì bá wọlé? Òtútù.

Báwo ni ewé tí kò lójú ṣe ń mọ̀ pé UV-B kan òun? Ọdún 2011 ni wọ́n tó rí ìdáhùn tó yanjú, lára Arabidopsis, koríko kékeré kan tí àwọn onímọ̀ ewéko fi ń dánra wò. Púrótéènì kan ni, UVR8 lorúkọ rẹ̀. Méjì-méjì ló máa ń wà, wọ́n á dì mọ́ra bí ìbejì. Tí UV-B bá bà lé wọn, wọ́n á tú ká, ọ̀kọ̀ọ̀kan á wá lọ di púrótéènì mìíràn tí wọ́n ń pè ní COP1 mú. COP1 yìí ló máa ń ṣe bí adènà: ó ń lé àwọn tó yẹ kó wọlé ṣiṣẹ́ dànù. Nígbà tí UVR8 bá ti gbá a mú, àwọn òṣìṣẹ́ á ráyè wọlé, iṣẹ́ ààbò á sì bẹ̀rẹ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ọ̀pọ̀ púrótéènì tí ewé fi ń mọ ìmọ́lẹ̀ ló máa ń ní èròjà àjèjì kan tí wọ́n gbé sára láti fi rí i. UVR8 kò yá nǹkankan. Tryptophan, ọ̀kan lára èròjà tí wọ́n fi mọ púrótéènì, tó wà nínú ara rẹ̀ ló ń lò, irú èyí tó wà nínú ẹyin àti ẹ̀wà tí à ń jẹ.

Iṣẹ́ ààbò yẹn ló kan òórùn. UV-B máa ń ba DNA jẹ́, ìyẹn ìlànà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣiṣẹ́, ewéko kò sì lè ká ẹsẹ̀ sá sábẹ́ igi. Ó ń po èròjà tó ń gba UV dúró, á tẹ́ ẹ sínú awọ ewé, bí ìgbà tí àwọn òyìnbó ń fi ìpara oòrùn ra ara létí òkun. Ohun tó fi ń po ìpara yẹn, phenylalanine, òun kan náà ló fi ń po eugenol, tó jẹ́ òórùn kànáfùrù. Àwọn efinrin kan wà tí eugenol pọ̀ nínú wọn; o lè já wọn kó o rò pé kànáfùrù lo tẹ̀. Àwọn mìíràn, tó pọ̀ nílẹ̀ wa, thymol ló pọ̀ nínú tiwọn, òórùn oògùn ìfọnu ló fẹ́ jọ, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n sì ń gbà pò ó. Ẹ̀rí pé thymol inú efinrin ńlá ń gbọ́ ti UV-B bíi ti basil kò tí ì tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ohun tí mo ní ni Màámi àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀.

Kò sì yẹ ká pọ́n UV-B lé ju bó ṣe yẹ lọ. Tó bá pọ̀ jù, ewé á kéré, á le, igi á kúrú, torí oúnjẹ tó yẹ kó fi tóbi ló ń ná sórí ààbò. Ẹni tó ń ta efinrin ní ìdì-ìdì lọ́jà, ti abẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló máa wu oníbàárà rẹ̀ lójú. Ẹni tó ń sè é láti gba òróró, tí kìlógíráàmù ewé tútù kan kì í fún ju gíráàmù mélòó kan lọ, ti ẹ̀gbẹ́ kànga ni kó wá. Àgbẹ̀ tó bá fẹ́ méjèèjì lórí ilẹ̀ kan náà, kó mú àga jókòó, kó ṣírò.

Ìparí oṣù karùn-ún ni mo gbé ìkòkò efinrin jáde sí bákónì. Àṣìṣe kan ni mo ṣe: ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo gbé e jáde pátápátá, láìkọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Kó tó di ọjọ́ kẹta, àwọn ewé òkè ti funfun báláú, wọ́n gbẹ létí bíi pépà. Mo ya fọ́tò rẹ̀ sí Màámi. Ó ní, "O ti sun ún. Ọmọ tí kò jáde nílé rí, o sọ ọ́ sí Dùgbẹ̀ lọ́sàn-án gangan."

Mo rò pé ó ti kú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ewé tuntun yọ: kékeré, nípọn, àwọ̀ ewé dúdú, irun wẹ́wẹ́ lára. Mo ní awò kékeré tí mo rà láti máa fi ka ọ̀rọ̀ tó wà lára ìgò oògùn níbi iṣẹ́. Mo fi wo ẹ̀yìn ewé náà nínú oòrùn ìdájí. Àwọn àmì tótòtó wà níbẹ̀, wọ́n ń dán bí òógùn orí imú ẹni tó ń gún iyán. Mo fi àtàǹpàkò tẹ ibì kan, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń tẹ agogo ẹnu ọ̀nà. N kò tíì gbé e símú tí òórùn fi dé. Mo padà wọlé, mo gbé ife tíì, òórùn wà lára ife. Mo ṣílẹ̀kùn, ó wà lára kọ́kọ́rọ́.

Kí a má purọ́, n kò ṣe ìwádìí kankan. Bákónì kì í ṣe UV-B nìkan. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ẹ níbẹ̀, òru tutù sí i, èmi náà sì ń gbàgbé láti bomi rin ín, gbogbo wọn ló lè yí ewé padà. Mo gé ẹ̀ka kan, mo gbìn ín, mo fi í sẹ́yìn gíláàsì bíi ti tẹ́lẹ̀, igi kan náà, erùpẹ̀ kan náà. Òórùn tirẹ̀ kò tó ìdajì ti òde. Ìyẹn náà kò tíì tó ẹ̀rí níwájú ará Reading. Ó tó ẹ̀rí fún ọbẹ̀.

Mo ti náwó lórí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó lóye rẹ̀. Iná aláwọ̀ pọ́pù kan wà tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ń gbin nǹkan sínú ilé. Mo rí pọ́pù, mo ní ultraviolet nìyí. Iná pupa àti iná búlúù ni wọ́n pò pọ̀ lásán, UV-B kò sí nínú rẹ̀. Ojú kì í tiẹ̀ rí UV-B rárá. Aládùúgbò mi kan tó ń ṣe èékánná fún àwọn obìnrin ní, "Àǹtí mi, ẹ gbé e wá sábẹ́ iná tí mo fi ń gbẹ èékánná, UV ni wọ́n kọ sí i." UV-A ni tìyẹn. A jọ rẹ́rìn-ín, bó ti wù kó rí. Èyí tó ní UV-B lóòótọ́ tí èèyàn lè rà ní ṣọ́ọ̀bù, ṣé ẹ mọ ta ni wọ́n ń rà á fún? Alángbá. Àwọn tó ń sin alángbá nílé ní ìlú yìí ń ra iná oòrùn fún un, kí eegun rẹ̀ má bàa rọ̀. Alángbá tí à ń lé lára ògiri! Mo gbé e lọ́wọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù, mo ka ohun tí wọ́n kọ sí i, pé kí èèyàn má tẹjú mọ́ ọn, mo dá a padà. Ilé mi kéré, ojú mi sì jẹ́ méjì péré.

Ọ̀rọ̀ eegun alángbá yẹn kò jẹ́ kí n sùn. Ní ọdún kan náà, dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, ó ní vitamin D mi lọ sílẹ̀. UV-B kan náà ni awọ ara fi ń ṣe é, awọ dúdú sì ń fẹ́ púpọ̀ rẹ̀ ju awọ funfun lọ. Ìjọba ibí gan-an ń gba àwa aláwọ̀ dúdú níyànjú pé ká ronú lílo máíkírógíráàmù 10 lójúmọ́, jálẹ̀ ọdún. Mò ń jókòó síbi fèrèsé yẹn lọ́sàn-án tí n kò bá rí oorun sùn, mo ń yáàrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ efinrin, mo rò pé àwa méjèèjì ń jẹ̀gbádùn.

Ọ̀rẹ́ mi kan n'Ílọrin fẹ́ bẹ̀rẹ̀ oko efinrin fún òróró, ó sì ti ń dúnàádúrà ilé ọ̀rá, irú èyí tí wọ́n ń gbin tòmátì sí. Ẹni tó ń tà á ní ọ̀rá náà jẹ́ "UV treated", ọ̀rẹ́ mi wá gbà pé UV ń wọlé dáadáa nìyẹn. Mo ní kó fara balẹ̀. Ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ń sọ ni pé oòrùn kò ní tètè jẹ ọ̀rá náà, púpọ̀ nínú irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ ló sì jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n ń dá UV dúró. Tòmátì lè má bínú sí i. Oòrùn tó wà n'Ílọrin lọ́fẹ̀ẹ́, tí èmi ń wá lọ́wọ́ alángbá, ó fẹ́ sanwó kí wọ́n bá òun dí i. Ó ní òjò ńkọ́? Ó ní kòkòrò ńkọ́? Òtítọ́ ni, òjò àti kòkòrò wà. A ṣì ń fà á.

Oṣù kẹwàá, òtútù dé. Mo gé èyí tó pọ̀ jù nínú ewé òde, mo dì í sínú ọ̀rá kéékèèké, mo kó o sínú fìrísà, mo gbé kùkùté rẹ̀ padà sójú fèrèsé. Ó rúwé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ewé fífẹ̀, tútù, tó rẹwà. Àwọn àlejò tún ti ń yìn ín.

Lánàá mo ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé ní aago mẹ́jọ, òjò ń rọ̀, ojú ọ̀run ṣú, ẹ̀yìn ń ro mí. Bí mo ṣe ń bọ́ bàtà ni fóònù dún. Màámi ni: "Omo mi, oorun nko?"

Mo wo fèrèsé. Mo wo efinrin. Mo wo bẹ́ẹ̀dì. Mo tẹ̀ ẹ́ padà pé, "Ko si ikankan ninu meteeta, ma."